Ojú Ìwé Méjì Tó Lẹ̀ Pọ̀

Lọ́jọ́ tí káfíńtà gbé àpótí onígíláàsì wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ ìwé ní yunifásítì, ìjà ló kọ́kọ́ bá olùtọ́jú ìwé jà kó tó rántí kí i.

"Ta ló rẹ́ ilẹ̀ yìí?" ló bi í. "Ẹ wò ó, apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ. Bí mo bá gbé àpótí mi síbí, àwọn èèyàn á ní èmi ni mi ò mọṣẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni olùtọ́jú ìwé dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ tutù, àmọ́ ẹ̀gún wà nínú rẹ̀.

Ojú ti káfíńtà. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ káàárọ̀."

Ọmọbìnrin yìí ló ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì náà. Nítorí pé kọ́kọ́rọ́ gbogbo àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀, Oníkọ́kọ́rọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lọ́dún yẹn, ẹ̀ka lítíréṣọ̀ fẹ́ fi ohun mẹ́ta gbé ìwé ìtàn kan lárugẹ: wọn yóò pàtẹ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, wọn yóò tún un tẹ̀ jáde, wọn yóò sì fi àsọyé ìta gbangba kádìí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé náà láyé. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́. Aṣèwé kan láyé ọjọ́un tún un dì, ó sì gé etí rẹ̀ jù, gbogbo nọ́ńbà ojú ìwé bá ọ̀bẹ lọ.

Káfíńtà fi pákó pẹlẹbẹ ti ẹsẹ̀ àpótí tó rẹlẹ̀. Nígbà tó dúró dáadáa, ó wo Oníkọ́kọ́rọ́ bó ṣe tẹ́ ìwé náà sínú rẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun, tó ṣí i sí ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ti gíláàsì pa.

"Ṣé bó ṣe máa wà nìyí?" ló béèrè. "Ojú ìwé méjì péré lèèyàn á máa rí?"

"Méjì lóòjọ́. Bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù láràárọ̀, màá ṣí ewé kan."

Káfíńtà ń fi ìka ṣírò. "Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń wá lójoojúmọ́ á ka ìwé yìí tán pátápátá."

Oníkọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó ṣe é rí."

"Ẹ ò tíì pàdé mi tẹ́lẹ̀ ni."

Òótọ́ ló sọ. Láràárọ̀, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti dé. Á gbọn eruku pákó kúrò lára lẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́ sẹ́yìn, á sì tẹ̀ sórí àpótí tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ìtàn atukọ̀ kan tó ń gbé èrò sọdá odò ló wà nínú ìwé náà. Ọmọ bàbá olórí kunkun kan wù ú, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Káfíńtà kì í ka ìwé jẹ́ẹ́. Ó máa ń bá a jà ni.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí! Ọmọbìnrin náà wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ òjò ló ń bá a sọ!"

"Bóyá ojú ń tì í," ni Oníkọ́kọ́rọ́ máa ń wí.

"Ojú wo? Ojú kì í ti ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín á pa ọmọbìnrin náà. Láìpẹ́ láìjìnnà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi iṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́jọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gíláàsì àpótí ṣe díńgí. Bí ẹ bá bi í léèrè nígbà náà, á ní ìwé lòun ń tọ́jú.

Àfi ọjọ́ tí káfíńtà ò wá. Aago mẹ́sàn-án lù. Oníkọ́kọ́rọ́ mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìwé, ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò ṣí ewé náà. Kò ṣí i lọ́jọ́ kejì náà. Lọ́jọ́ kẹta, káfíńtà sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Òrùlé kan ni mo lọ kàn lẹ́yìn odi ìlú," ló wí. "Ojú ìwé mẹ́rin ti fò mí báyìí! Kí ni atukọ̀ ti..."

Ó wo inú gíláàsì. Ojú ìwé tó kà gbẹ̀yìn náà ló ṣí sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo Oníkọ́kọ́rọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣí i?"

"Mò ń dúró dè yín."

Káfíńtà gbé ọwọ́ lé orí gíláàsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀yin pè mí mọ́."

"Kí ni kí n wá máa fi pè ọ́?"

"Ìwọ náà nìyẹn," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé eyín èrìgì rẹ̀ hàn. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í pẹ́ kó tó délé, bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ló sì wà nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni ní yunifásítì yẹn kan náà. Bàbá Àmì-Pupa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí bíírò pupa kì í kúrò lápò rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní káàdì ìgbéyàwó, á fàmì sí i. Bí dókítà bá kọ oògùn fún un, á fàmì sí ìyẹn náà kó tó lọ rà á.

Káfíńtà kọ lẹ́tà sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé òun fẹ́ wá kí wọn nítorí ọmọ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà náà padà. Àmì pupa wà lára rẹ̀ níbi mẹ́rìnlá. Bàbá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ìkọ̀wé mọ́ tónítóní. Èrò kò jinlẹ̀. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

Oníkọ́kọ́rọ́ bú sẹ́kún. Káfíńtà ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Olólùfẹ́ mi, dákẹ́. Ṣèbí wọn ò fún mi ní òdo."

"O ò mọ bàbá mi. Ẹni tí kò bá ti ka ìwé dé òkè téńté, wọn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Wọ́n á gbọ́ tèmi. Mo máa ń pariwo."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ló fún wọn ní ìmọ̀ràn. "Ẹ fi bàbá yín sílẹ̀ ná," ni ìyá wí. "Àwọn ni olóòtú ìwé tí wọ́n ń tún tẹ̀ yìí, àwọn náà ló máa sọ àsọyé. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń retí ọjọ́ yẹn. Kó ṣáà lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀. Lọ́jọ́ kejì, tí inú wọn ṣì ń dùn, èmi fúnra mi á gbé ọ̀rọ̀ yín kalẹ̀. Wọn ò ní lè sọ pé rárá."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìrètí àwọn méjèèjì ṣe wà lórí ọjọ́ àsọyé. Kí ó ṣáà lọ dáadáa.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá ni káfíńtà tẹ̀ sórí gíláàsì láàárọ̀, tó sì fajú ro.

"Ewé méjì lo ṣí lónìí."

"Ẹyọ kan ni mo ṣí."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lánàá, atukọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá ọmọbìnrin náà. Bàtà rẹ̀ tutù, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Lónìí, ó ti bímọ mẹ́ta! Ta ló ṣílẹ̀kùn? Kí ni bàbá yẹn sọ?"

Oníkọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín. "O ti dé ibi Àlàfo nìyẹn. Ibẹ̀ ló lókìkí jù nínú ìwé náà."

Ó wá ṣàlàyé fún un. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa Àlàfo náà: pé ńṣe ni òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, torí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni tó fẹ́ gba ọmọ àti ẹni tó ni ọmọ, kì í ṣe ohun tí etí ẹlòmíràn gbọdọ̀ gbọ́. Èèyàn mẹ́ta ló ti fi Àlàfo yẹn gba oyè ọ̀mọ̀wé. Òun náà ni ìfáárà ìwé tuntun dá lé. Òun ni àkọlé àsọyé: Ọgbọ́n Inú Àlàfo.

Káfíńtà gbọ́ ọ tán, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó di ojú kan, ó sì wo etí ìwé náà bí ẹni ń wo pákó bóyá ó tẹ́jú.

"Wá wo ibí. Ewé yìí nípọn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ra. Mo mọ bí méjì tó di ọ̀kan ṣe ń rí. Ẹni tó tún ìwé yìí dì ló ta gọ́ọ̀mù sí i."

Oníkọ́kọ́rọ́ kúnlẹ̀ tì í. Ó rí ilà tín-ín-rín kan láàárín etí ewé náà.

"A ò ní sọ ọ́," ló wí lójú ẹsẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Jọ̀ọ́, ọ̀wọ́n mi. Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Jẹ́ kí àsọyé kọjá. Bí bàbá mi bá gbọ́ ọ báyìí, tí wọ́n sì gbọ́ pé ìwọ lo rí i, ìgbéyàwó wa parí nìyẹn."

"Ṣé kí wọ́n dúró níwájú ayé, kí wọ́n máa yin gọ́ọ̀mù?"

"Ṣé ìwé lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí èmi?"

Ọ̀rọ̀ náà dun káfíńtà, ó hàn lójú rẹ̀. "Ìwọ ni," ló dáhùn. "Àmọ́ bàbá rẹ ni bàbá mi, tí mo bá fẹ́ ọ. Mi ò lè jókòó síwájú wọn lọ́jọ́ kejì àsọyé, kí n máa rẹ́rìn-ín, kí n mọ̀ nínú mi pé mo jẹ́ kí wọ́n já sí kòtò torí kí n lè rí ìyàwó. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó kọ ìwé yìí ńkọ́? Ó ti kú. Ta ló máa bá a sọ̀rọ̀?"

Oníkọ́kọ́rọ́ bínú, ó sunkún, ó ní kí káfíńtà jáde. Ó jáde. Nígbà tí inú ọmọbìnrin náà rọ̀ díẹ̀, ó rí i pé ohun tó ń mú òun bínú gan-an ni ohun tí òun fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti àpótí pa, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì jọ gba ilé lọ.

Bàbá Àmì-Pupa wà ní pálọ̀, àwọn ìwé yí i ká. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dé ìdajì, ó dìde.

"Ìwọ!" ló wí fún káfíńtà. "Ìwọ tí mo fún ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá! Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohun tó wà nínú ìwé tí mo ti ń kà kí wọ́n tó bí ọ?"

"Rárá, sà. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Bó ṣe nípọn tó ni mo wá sọ."

"Jáde nílé mi!"

Wọ́n jáde. Ìyá káwọ́ lérí nínú yàrá. Oníkọ́kọ́rọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Lọ́jọ́ kejì, bí aago mẹ́sàn-án ṣe ń lù, bàbá rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yọ awò ńlá lápò, ó tẹ̀ sórí gíláàsì.

"Ṣí i," ló wí.

Oníkọ́kọ́rọ́ ṣí àpótí. Ó fi bébà tó tutù díẹ̀ sábẹ́ ewé náà àti sókè rẹ̀, ó dúró títí tí gọ́ọ̀mù fi rọ̀, ó wá fi abẹ egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìdajì ọjọ́ ló gbà á. Nígbà tí ewé kan di méjì, ojú ìwé méjì tí ẹnikẹ́ni ò kà láti ọjọ́ tí wọ́n ti tún ìwé náà dì yọ síta, inki rẹ̀ dúdú minijọ.

Bàbá jókòó, ó kà á. Bàbá olórí kunkun inú ìtàn ṣílẹ̀kùn. Ó wo atukọ̀ látòkè délẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?" Atukọ̀ tó ti ń tukọ̀ fún ogún ọdún ní, "Rárá, sà." Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ẹni tí kò lè purọ́ níbi tí irọ́ ti máa ṣe é láǹfààní, ẹni tí òun lè fún lọ́mọ nìyẹn.

Bàbá Àmì-Pupa ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń wo ògiri.

"Ọgbọ̀n ọdún," ló wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gọ́ọ̀mù."

Oníkọ́kọ́rọ́ ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun sunkún. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é gan-an. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ìwé tuntun ni wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n sì ti dì. Ilé ìtẹ̀wé yunifásítì ní àwọn lè tẹ ewé kan sí i, ṣùgbọ́n àwọn ò ní èèyàn tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kí ọjọ́ tó pé. Bàbá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá sílé òun.

"Ìfáárà yín ńkọ́?" ni Oníkọ́kọ́rọ́ bi í. "Ṣé ká yọ ọ́ kúrò?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ rí bí àgbàlagbà ṣe ń ṣìnà." Ó yí padà sí ọmọ rẹ̀. "Pe káfíńtà yẹn fún mi. Òun ló mọ gọ́ọ̀mù."

Ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é lórí tábìlì ìjẹun: ìyá ń ṣí ìwé, Oníkọ́kọ́rọ́ ń tẹ́ ewé, káfíńtà àti bàbá ń lẹ̀. Bàbá ń da gọ́ọ̀mù bí ẹni ń da omi.

"Ẹ dín in kù díẹ̀, sà," ni káfíńtà wí. "Bó bá pọ̀ báyìí, a máa tún lẹ òmíràn pọ̀ ni."

Bàbá tún un ṣe, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

Káfíńtà gbé ìwé náà sókè, ó wo ìdí rẹ̀, ó wo etí rẹ̀. "Ó mọ́ tónítóní," ló wí. "Àmọ́ kò jinlẹ̀. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

Oníkọ́kọ́rọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wo káfíńtà, ó wò ó, ó wò ó, àfi bí ẹ̀rín ṣe bú lẹ́nu rẹ̀ lójijì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Ìyá ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ, òun ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, bàbá kò sọ ohunkóhun nípa ìgbéyàwó. Ọjọ́ mẹ́ta pé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ àsọyé dé. Gbọ̀ngàn ńlá kún, àwọn kan dúró sí ojú fèrèsé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti yunifásítì mìíràn jókòó níwájú. Bàbá gun orí pèpéle, ó sì ti bébà tó mú dání sápò.

"Àkọlé àsọyé mi lónìí ni Ọgbọ́n Inú Àlàfo," ló wí. "Kò sí àlàfo kankan."

Ariwo sọ. Ó dúró kí ó rọlẹ̀. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀: gọ́ọ̀mù, ewé tó nípọn, ọgbọ̀n ọdún. Ó tọ́ka sí àwọn tó ti fi Àlàfo gboyè, ó ní kí wọ́n má bínú sí òun. Oníkọ́kọ́rọ́ ń wò ó láti ìjókòó. Kò sí ọjọ́ tó fi bàbá rẹ̀ yangàn bíi tọjọ́ yẹn.

"Ẹni tó rí ojú ìwé méjèèjì yìí ni ó yẹ kó kọ́kọ́ kà á fún yín," ni bàbá wí. Ó juwọ́ sí káfíńtà.

Káfíńtà gòkè. Ó kà á bó ṣe máa ń kàwé, ó bá a jà, ó bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé "Ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?" gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó kà á tán, wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá na ọwọ́ sókè. "Olùwádìí yìí wú mi lórí," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, yunifásítì wo ló ti wá? Ẹ̀ka wo ló wà?"

Bàbá Àmì-Pupa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ káfíńtà kó tó dáhùn.

"Kò sí ní ẹ̀ka kankan," ló wí. "Káfíńtà ni. Àna mi ni."

Ìyá fi ìgbọ̀nwọ́ gún Oníkọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìgbà wo lo bá wọn sọ ọ́?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà."

"Èmi náà ò tíì sọ ọ́ o! Ọ̀la ni mo ní mo máa sọ ọ́!"

Oníkọ́kọ́rọ́ ò gbọ́ ìyókù. Ó ti dìde. Ó gba àárín èrò kọjá, ó gbé orí sókè, ó gun pèpéle, ó sì lọ dúró láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè rí ọmọ ẹni tó jẹ́ àti ìyàwó ẹni tó máa jẹ́.